Ọ̀nà Tí Ọmọ Ọdún Méjìlá Lè Dá Rìn



Ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n, ìbéèrè kan ni mo fẹ́ fi síwájú yín lóṣù yìí. Ọmọ yín tí ó ti pé ọmọ ọdún méjìlá, tí orí rẹ̀ pé, tí kò ya ìpáǹle, ǹjẹ́ ẹ lè jẹ́ kí ó dá rìn láti ilé dé ilé ìwé, tàbí kí ó gun kẹ̀kẹ́ ológeere lọ sí ilé kéú ní ìrọ̀lẹ́, kí ọkàn yín sì balẹ̀ títí yóò fi padà wọlé? Ẹ má tíì dáhùn. Ẹ kọ́kọ́ ronú sí ọ̀nà tí yóò gbà: ibi tí gọ́tà ti la ẹnu sílẹ̀, ibi tí ọkọ̀ ti máa ń sáré já sí oríta, àti àdúgbò tí ẹ kì í fẹ́ kí ó gba àárín rẹ̀ kọjá.

Èmi kọ́ ni mo dá ìbéèrè yìí sílẹ̀. Ní Ìlú Ọba, òun ni òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ọ̀nà àwọn ẹlẹ́sẹ̀ àti àwọn oníkẹ̀kẹ́ tí ó so orílẹ̀-èdè náà pọ̀ láti òpin kan dé èkejì. A óò dé orí rẹ̀ láìpẹ́. Ṣùgbọ́n Angwan Rukuba ní ìlú Jos ni mo fẹ́ kí a ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé àwọn ènìyàn wa pọ̀ ní Jos láti ìgbà pípẹ́, àti pé níbẹ̀ ni ìdáhùn sí ìbéèrè náà ti le jù.

Ẹni tí kò bá dé Jos rí, kí ó mọ̀ pé orí òkè pẹrẹsẹ ni ìlú náà wà, ó ga tó nǹkan bí 1,200 mítà ju ojú òkun lọ, òtútù ibẹ̀ sì ju ti ilẹ̀ Yorùbá lọ fíìfíì. Angwan Rukuba wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Jos North, ní apá ibi tí ọ̀nà Bauchi wà. Ohun tí orúkọ náà túmọ̀ sí ní èdè Hausa ni àdúgbò àwọn Rukuba, àwọn Rukuba sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà tí ó ni ilẹ̀ Plateau, tí ìpìlẹ̀ wọn wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Bassa lónìí. Nítorí pé Yunifásítì ìlú Jos kò jìnnà síbẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa gba yàrá níbẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀. Nítòsí rẹ̀ ni Farin Gada wà, níbi tí wọ́n ti ń ná ọjà tòmátì àti ẹ̀fọ́. Gada ni àwọn Hausa ń pe afárá. Farin Gada ni Afárá Funfun. Gada Biyu tí ó wà ní apá ibòmíràn nínú ìlú náà ni Afárá Méjì. Ó dùn mọ́ mi pé ibi tí ènìyàn lè gbà fi ẹsẹ̀ ré omi kọjá ni àwọn tí ó tẹ ibẹ̀ dó fi sọ ilẹ̀ wọn lórúkọ. Ẹlẹ́sẹ̀ ni wọ́n.

Ẹlẹ́sẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ń gbé ibẹ̀ di òní olónìí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní owó ọkọ̀, ìyá tí ó ru apẹ̀rẹ̀ tòmátì, ọmọ ilé ìwé tí ó wọ búùtù àbúrò rẹ̀ nítorí òjò, gbogbo wọn ni ó ń rìn. Ní ọdún 2010, ìjọba Ìpínlẹ̀ Plateau fi òfin de alùpùpù akérò, èyí tí wọ́n ń pè ní àcàbà níbẹ̀, ní Jos àti Bukuru. Kẹ̀kẹ́ Napep ni ó gba ipò rẹ̀. Ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ Napep kì í wọ inú kọ̀rọ̀ olókùúta tí alùpùpù máa ń wọ̀, owó rẹ̀ kò sì sí lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn nígbà gbogbo. Ibi tí kẹ̀kẹ́ bá ti dá èrò sílẹ̀, ẹsẹ̀ ni yóò parí ìrìn náà. N kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí òfin yẹn. Ìlú tí ó ń jóná ní láti wá omi. Ohun tí mo ń sọ ni pé nígbà tí a sọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn di ẹlẹ́sẹ̀ ní ọjọ́ kan ṣoṣo, ó yẹ kí ẹnìkan ti béèrè ibi tí wọn yóò máa gbà. Títì wà fún ọkọ̀, gọ́tà wà fún omi, ẹ̀bá gọ́tà sì jẹ́ ti ẹni tí ó ń ta ọjà. Ẹlẹ́sẹ̀ kò ní ju kí ó sọ̀ kalẹ̀ sórí ọ̀dà, kí ó máa fi etí ṣọ́ ẹ̀yìn rẹ̀.

Àjọ ìlera àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2021, ó lé ní mílíọ̀nù kan ènìyàn tí jàǹbá ọkọ̀ pa ní gbogbo ayé, ju ìdá kan nínú márùn-ún wọn lọ ni ó sì jẹ́ ẹni tí ó ń fi ẹsẹ̀ rìn. Wọn kò wọ ọkọ̀ rárá, ọkọ̀ ni ó pa wọ́n.

Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹsẹ̀ ni ó kọ́ ìlú Jos. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í wa tíìnì, èyí tí àwọn Hausa ń pè ní kuza, ní Naraguta ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, orí ni àwọn aláàárù fi ń rù ú sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè náà lọ sí Loko ní etí odò Benue, kí ọkọ̀ ojú omi tó gbà á lọ́wọ́ wọn. Ìrìn ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọjọ́ ni. Naraguta yìí kò sì jìnnà sí Angwan Rukuba. Lẹ́yìn náà ni wọ́n la ọ̀nà rélùwéè kékeré kan láti Zaria, èyí tí ó dé Bukuru ní nǹkan bí ọdún 1914. Rélùwéè ńlá tí ó gba Kafanchan wá dé Jos ní ọdún 1927, òun sì ni ó gbé ọ̀pọ̀lọpọ̀ Yorùbá dé ibẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè àti àwọn oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìlọrin àti ibòmíràn. Ibi tí ọkọ̀ ojú irin parí sí ni wọ́n ń pè ní Terminus títí di òní. Rélùwéè kékeré náà kógbá sílé ní ọdún 1957. Ohun tí ó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ kò ju ohun tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń lọ wò ní ilé àwọn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Jos.

Ẹ rántí rélùwéè tí ó kógbá sílé yìí, nítorí pé ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ Ìlú Ọba ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ọdún 1977, àwọn ènìyàn díẹ̀ ní ìlú Bristol kó ara wọn jọ nítorí pé ó sú wọn bí ọkọ̀ ṣe ń lé oníkẹ̀kẹ́ kúrò lójú títì. Wọn kì í ṣe ìjọba, wọn kì í ṣe olówó. Ọ̀nà rélùwéè kan wà láàárín Bristol àti Bath tí wọ́n ti pa tì, tí igbó ti bò. Wọ́n tọrọ àyè rẹ̀, wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn tẹ́ ẹ, pẹ̀lú ọ̀pọ̀ àwọn tí kò gba owó iṣẹ́, láti 1979 títí di 1986. Gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí máìlì mẹ́tàlá. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ kan tí ó ń jẹ́ Sustrans ti hù jáde. Ọdún 2025 ni wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí Walk Wheel Cycle Trust. Ní ọdún 1995 wọ́n rí mílíọ̀nù mẹ́tàlélógójì àti ààbọ̀ pọ́n-ùn gbà láti inú owó tẹ́tẹ́ orílẹ̀-èdè wọn. (Irú owó bẹ́ẹ̀ kò tọ́ sí wa, a kò sì ní bá wọn dù ú, ṣùgbọ́n a lè kẹ́kọ̀ọ́ lára ohun tí wọ́n fi ṣe.) Nígbà tí ó fi di oṣù kẹfà ọdún 2000, wọ́n ṣí ẹgbẹ̀rún márùn-ún máìlì ọ̀nà. Ní 2005, ó ti di ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá. Àwọn ọmọ wa tí ó wà ní London, Manchester àti Glasgow mọ àmì ọ̀nà náà: pátákó aláwọ̀ búlúù kékeré tí wọ́n ya kẹ̀kẹ́ sí, tí nọ́ńbà wà lára rẹ̀.

Nínú gbogbo èyí, kì í ṣe iye máìlì ni ó wú mi lórí jù. Ní ọdún 2018, ẹgbẹ́ náà yẹ gbogbo ọ̀nà tiwọn fúnra wọn wò, wọ́n sì kéde fún ayé gbọ́ pé ó lé díẹ̀ ní ìdajì nìkan ni ó dára, àti pé nǹkan bí ìdá méjì nínú márùn-ún ni kò dára rárá. Òṣùwọ̀n wọn ni ọmọ ọdún méjìlá yẹn: ibikíbi tí òbí tí ó ní làákàyè kò bá ti lè jẹ́ kí ọmọ ọdún méjìlá dá gun kẹ̀kẹ́ kọjá, ibẹ̀ kò yẹ ní ọ̀nà. Ní ọdún 2020, wọ́n mú nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ọ̀nà náà kúrò tàbí kí wọ́n sọ ọ́ di ti àwọn tí ó ti mọ kẹ̀kẹ́ gùn dáadáa. Ẹ wo ẹgbẹ́ tí ó ní ohun tí ó fi ń yangàn, tí ó wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ dín in kù nítorí ọmọdé. Níbi tiwa, tí ìjọba bá da ọ̀dà sí ibùsọ̀ méjì, a óò ṣí i pẹ̀lú ìlù àti fèrè, a kò ní béèrè bóyá ọmọdé lè ré e kọjá.

Ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan wí pé ìlú òyìnbó ni mo ń sọ. Ó dára, ẹ jẹ́ kí a wá sí ẹ̀bá ilé. Ní Tamale, ní àríwá ilẹ̀ Ghana, wọ́n la ọ̀nà oníkẹ̀kẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ àwọn títì ńlá. Àwọn àgbà wa mọ Tamale dáadáa. Ọ̀pọ̀ Yorùbá ni ó ń ṣòwò níbẹ̀ kí òfin àwọn àjèjì ti ọdún 1969 tó lé wọn padà sílé. Ní Ouagadougou, olú ìlú Burkina Faso, ọ̀nà wà lọ́tọ̀ fún kẹ̀kẹ́ àti alùpùpù kéékèèké ní ẹ̀gbẹ́ àwọn òpópónà ńlá kan, tọkùnrin tobìnrin ni ó sì ń gùn wọ́n lọ síbi iṣẹ́. Ní ọdún 2020, ilẹ̀ Ethiopia gbé ètò ọlọ́dún mẹ́wàá jáde lórí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ àti ti oníkẹ̀kẹ́, èyí tí ó kan olú ìlú wọn àti ọ̀pọ̀ ìlú kéékèèké. Ìpínlẹ̀ Èkó pàápàá ti ní ìlànà tirẹ̀ láti ọdún 2018. Ìlànà ti Èkó dára lórí ìwé. Ẹni tí ó bá rin Òjòta tàbí Mushin ní àárọ̀ yóò sọ fún wa bí ó ti rí lórí ilẹ̀.

Mo dárúkọ àwọn obìnrin Ouagadougou pẹ̀lú ìdí. Nínú ọ̀pọ̀ ilé wa, ọmọkùnrin ni a ń ra kẹ̀kẹ́ fún, a sì ń sọ fún ọmọbìnrin pé kò yẹ ẹ́. N kò rí ibi tí ẹ̀sìn ti ní kí ó rí bẹ́ẹ̀. Kí aṣọ bo ara ni, kí ìwà sì mọ́. Ewu tí mo mọ̀ fún oníhìjáàbù lórí kẹ̀kẹ́ ni pé kí etí aṣọ wọ inú ṣéènì, èyí kò sì nílò fátíwà, abẹ́rẹ́ àti òwú ni ó nílò. Ìyá ọmọ lè ṣẹ́ etí aṣọ náà sókè, kí ó sì ní kí oníkẹ̀kẹ́ fi ìbòrí ṣéènì sí i. Ẹsẹ̀ ni ọmọbìnrin tí ilé ìwé rẹ̀ jìnnà fi ń san owó pé kò ní kẹ̀kẹ́.

Wàyí o, Jos. Ewu méjì ni ó wà ní ojú ọ̀nà Angwan Rukuba, ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn sì ni sìmẹ́ńtì lè wò sàn. Ìjà tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2001, àti ti oṣù kọkànlá ọdún 2008, àti ti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2010, ti pín ìlú náà. Àwọn Mùsùlùmí kó kúrò ní àdúgbò tí Kìrìsìtẹ́nì ti pọ̀, àwọn Kìrìsìtẹ́nì kó kúrò ní àdúgbò tí Mùsùlùmí ti pọ̀. Ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kejìlá ọdún 2010, ní ìrọ̀lẹ́ tí ọdún Kérésì ku ọ̀la, bọ́ǹbù bú gbàù ní Jos, Angwan Rukuba sì wà lára ibi tí ó ti dún. Ẹ̀mí àwọn aláìṣẹ̀ lọ. Láti ìgbà náà, ẹni tí ó bá ń rìn ní Jos kò kàn ń ro bí ọ̀nà ṣe jìn tó. Ó ń ro ti ta ni ọ̀nà náà. Ìrìn tí kò yẹ kí ó gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá lè di ìyípo gígùn, nítorí pé ẹnìkan kò fẹ́ gba iwájú ilé ẹlòmíràn kọjá.

Àwa Yorùbá Mùsùlùmí tí a ń gbé ibẹ̀ mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ. Ẹ̀sìn so wá pọ̀ mọ́ apá kan, ẹ̀jẹ̀ so wá pọ̀ mọ́ apá kejì. Ẹ̀gbọ́n ń lọ sí mọ́ṣáláṣí, àbúrò ń lọ sí ilé ìjọsìn Onítẹ̀bọmi tí àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ wà, ìyá kan náà ni ó bí wọn. Tí ìsọmọlórúkọ bá dé ní apá ọ̀hún, a gbọ́dọ̀ lọ. Nítorí náà, tí ẹnìkan bá ń wá ẹni tí yóò béèrè pé kí ọ̀nà kan gba àárín apá méjèèjì kọjá, kí ó sì wà fún tọ̀túntòsì, n kò mọ ẹni tí ó yẹ jù wá lọ.

N kò sọ pé ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ yóò parí ìjà tí àwọn olóṣèlú àti àwọn àgbà ìlú kò rí parí. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò tọ̀nà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó ní iná ní alẹ́, tí ojú ríran dáadáa lórí rẹ̀, tí ènìyàn ń rìn lọ rìn bọ̀ lórí rẹ̀ láti àárọ̀, kò rọrùn fún oníṣẹ́ ibi láti sá pamọ́ sí. Kọ̀rọ̀ tí ó ṣófo ni ó ń bí ẹ̀rù. Ìyá Kìrìsìtẹ́nì tí ó wà ní Angwan Rukuba náà ní ọmọ ọdún méjìlá. Ìbéèrè tí mo bi yín ní òkè yẹn, tí wọ́n bá bi òun náà, n kò rò pé ìdáhùn rẹ̀ yóò yàtọ̀ sí tiyín.

Kí ni ṣíṣe? Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní kí a gba ojú rélùwéè gẹ́gẹ́ bí àwọn ará Bristol ti ṣe. Ní ti rélùwéè ńlá, n kò fara mọ́ ọn. Ní oṣù kẹta ọdún 2021 ni ìjọba àpapọ̀ ṣe ìfilọ́lẹ̀ àtúnṣe ọ̀nà rélùwéè tí ó ti Port Harcourt lọ sí Maiduguri, ẹ̀ka Jos sì jẹ́ ara rẹ̀. Kí a má fi ọwọ́ wa pa ọkọ̀ tí a ń retí. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ irin náà ni àwọn ẹlẹ́sẹ̀ ti ń gbà láti ọjọ́ yìí wá. Tí wọ́n bá ń tún irin ṣe, owó kékeré ni yóò tẹ́ ojú ọ̀nà kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọgbà tí yóò là wọ́n láàárín. Ibẹ̀ ni ọ̀nà tí yóò so ìlú mọ́ ìlú ti lè bẹ̀rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè wa, nítorí pé irin ti la ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀, láti Èkó dé Kano, láti Port Harcourt dé Maiduguri.

Ìyẹn di ti ìjọba. Ní ti àdúgbò, láti Angwan Rukuba dé ẹnu ọ̀nà yunifásítì kò jìn. Kí a bo gọ́tà tí ó wà lójú ọ̀nà náà, kí a fi kọ̀ǹkéré ṣe afárá kékeré sí ibi tí àgbàrá ti gé ilẹ̀, kí a fi iná olóòrùn sí ibi tí ó ṣókùnkùn. Àwọn ẹgbẹ́ wa máa ń dáwó fún ìyàrá ìgbàlejò àti àga ìnáwó. Iye tí a ń ná sórí aṣọ ẹgbẹ́jọdá kan lè bo gọ́tà tí ó gùn díẹ̀. Kí a sì lọ bá àwọn ẹlẹ́gbẹ́ wa tí wọ́n jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì kí a tó bẹ̀rẹ̀, kí ó má di pé a la ọ̀nà tí wọn yóò máa fura sí.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ànábì wa Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọ́ wa pé mímú ohun ìnira kúrò lójú ọ̀nà jẹ́ ẹ̀ka kan lára ìgbàgbọ́, ó sì kìlọ̀ fún àwọn tí ó ń jókòó sí ẹ̀bá ọ̀nà pé kí wọ́n fún ọ̀nà ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ní Jos, nítorí ààbò, a máa ń dí ọ̀nà tí ó yí mọ́ṣáláṣí ká ní ọjọ́ Jímọ̀, àwọn Kìrìsìtẹ́nì náà a sì dí tiwọn ní ọjọ́ Àìkú. Mo mọ ohun tí ó fà á. Síbẹ̀, ó ṣeé ṣe láti dá ọkọ̀ dúró láìdá ẹlẹ́sẹ̀ dúró. Àlàfo tí ènìyàn kan lè gbà kọjá, pẹ̀lú ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ méjì tí yóò máa kí ẹni tí ó ń kọjá, kì í ba ààbò jẹ́. Aláìsàn lè wà nínú àwọn tí a dá padà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Jos, àti ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìbàdàn, Ìlọrin, Kaduna tàbí ibikíbi, ẹ bá mi ṣe èyí kí oṣù tó parí. Ẹ tẹ̀lé ọmọ yín ní àárọ̀ ọjọ́ kan lọ sí ilé ìwé, kí ẹ jẹ́ kí ó ṣíwájú, kí ẹ má bá a sọ̀rọ̀. Ẹ kọ iye ìgbà tí ó sọ̀ kalẹ̀ sórí títì sílẹ̀, àti iye ibi tí ó ti sáré. Tí ibì kan bá wà tí ó yà kúrò ní ọ̀nà tí ó yá, ẹ bi í léèrè ìdí rẹ̀ nígbà tí ẹ bá délé, kí ẹ sì kọ ìdáhùn rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti sọ ọ́. Ẹ fi ránṣẹ́ sí wa pẹ̀lú orúkọ àdúgbò yín, láìkọ orúkọ ọmọ náà. Ohun tí àwọn ọmọ bá sọ ni a óò tẹ̀ síbí ní oṣù tí ń bọ̀, in shaa Allah.